Oníwáyà, Ọmọ Tíṣà àti Òòfà Tó Sọnù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Oníwáyà jẹ́, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkóríta. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni onígbàjámọ̀ yẹn gé irun rẹ̀ tí apá kan ga ju apá kejì lọ. Láti ọjọ́ náà ni Oníwáyà ti ń gba ẹ̀yìnkùlé ilé mẹ́ta kọjá kó tó dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òjò ì báà rọ̀, ẹrẹ̀ ì báà mù ún dé kókósẹ̀, kò ní gba ìkóríta. "Ẹni tó bá ṣẹ̀ mí, mi ò ní bá a jà," ló máa ń wí. "Mi ò kàn ní gbàgbé ni."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wé wáyà bàbà sínú ẹ̀rọ tó bá ti jóná: fáànù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ̀rọ ìlọta. Kíláàsì kẹrin ló ti fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi òǹkà mú un. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wé wáyà, á máa kà á sínú, ètè rẹ̀ á máa mì. Tó bá ti pé àádọ́ta, á so òwú pupa mọ́ ọn, á tún máa lọ. Títí yóò fi parí, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn, bí ilé ń jó.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni obìnrin kan wọlé. Ó gbá òrùka igi ńlá méjì mọ́ abíyá.

"Ẹ káàsán o. Ṣé ẹ̀yin ni Oníwáyà?"

Oníwáyà ò dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí.

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wé tó yín."

Ọwọ́ ṣì ń yí.

Obìnrin náà kọjú sí ògiri bí ẹni pé ògiri ló wá kí. "Ó dà bíi pé ẹ̀gbọ́n yìí dití. Kò burú, màá jókòó, mo ní àkókò. Àwọn tí èmi náà ń tọ́jú níbi iṣẹ́, wọn ò létí, wọn ò lẹ́nu, síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́rọ̀ ju báyìí lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Oníwáyà. Ó dé méjìdínlógóje lọ́wọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nù. Ó di eyín pọ̀. Nígbà tó parí, ó so òwú, ó gé wáyà, ó wá gbójú sókè.

"Igba. Ẹ káàsán, mà. Èmi ni Oníwáyà. Mi ò dití. Ta ni àwọn tí ò létí tí ò lẹ́nu?"

"Sẹ́ẹ̀lì," ni obìnrin náà wí, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu. "Sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn. Àwọn nǹkan tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n kó jọ tí wọ́n fi di èmi àti ẹ̀yin. Inú àwo ni mo ti ń tọ́jú wọn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òòfà tí ò lágbára lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

"Kò lágbára báwo?"

"Kò lè gbé abẹ́rẹ́."

Oníwáyà wò ó. "Òòfà tí ò lè gbé abẹ́rẹ́, kí ló fẹ́ fi èèyàn ṣe?"

"Ohun tí bàbá mi náà ń bi mí nìyẹn. Ẹ bá mi wé wáyà sára òrùka méjèèjì yìí. Tí iná bá gba inú wáyà kọjá, yóò di òòfà. Ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ wé sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan má fi ẹyọ kan ju èkejì lọ. Ẹ má sì fi ìṣó irin kankan síbẹ̀ o. Irin á ba iṣẹ́ mi jẹ́."

"Ìṣó idẹ ni màá lò. Ẹ padà wá ní Jímọ̀."

"Ṣé ẹ ò ní ṣì í kà?"

Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, Oníwáyà á bá a yan odì dọ́jọ́ alẹ́. Ohun tó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu ni pé ẹ̀rín ló rín. Nígbà tó di Jímọ̀ tí obìnrin náà gbé òrùka lọ, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì láti wá sọ fún un pé òun ti kà á, kò lé, kò dín.

"Ẹ tún un kà?"

"Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ohun tí wọ́n ti kà là ń tún kà."

Oníwáyà mi orí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn nínú bí ẹni pé wọ́n yìn ín.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ so wáyà náà níbi iṣẹ́ obìnrin yìí, tó ti ń pè ní Ọ̀mọ̀wé. Àjà kẹrin ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó ń rùn bí ọṣẹ ilé ìwòsàn. Àpótí igi méjì ló wà nínú yàrá náà, rọ́bà tó ń gbé omi gbígbóná kiri ló ń mú inú wọn móoru bí ara èèyàn. Òrùka wáyà wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á tan iná sí ti àkọ́kọ́, wọn ò ní tan ti èkejì, kí wọ́n lè fi ọ̀kan wé ọ̀kan.

Ọ̀mọ̀wé ní kó fojú sí ẹnu awò tó ń sọ nǹkan tín-ín-tín di ńlá. Ó rí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n fara kan ara wọn bí ẹní, ojú ọ̀nà tóóró kan sì là wọ́n láàárín.

"Èmi ni mo fi nǹkan ha ojú ọ̀nà yẹn," ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Bí ẹni pé èèyàn fara pa. Wọ́n á máa rìn bọ̀ lọ́tùn-ún lósì títí wọn á fi dí i. Àwọn tó wà níbi òòfà kékeré yẹn, ó jọ pé wọ́n ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé."

"Kí ló ń dá wọn dúró?"

"Mi ò mọ̀!"

Bó ṣe wí i nìyẹn, tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀bùn gbà. Oníwáyà gbé ojú kúrò lẹ́nu awò. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pọ̀, kò tíì rí èyí tó sọ pé òun ò mọ nǹkan kan, ká má tíì sọ pé kí inú rẹ̀ dùn sí i. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti mú un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà, ó di gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí Oníwáyà ń gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin lọ "wo wáyà", wáyà tí kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀mọ̀wé náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fáànù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́ẹ̀kẹta tó gbé e wá, Oníwáyà tú u, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un dì.

"Fáànù yìí ò ṣàìsàn. Ẹnì kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà inú rẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Ọ̀mọ̀wé wí.

"Ta ni?"

"Ìwọ tí o mọ nǹkan kà, o ò tíì kà mí tán?"

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kúrò ní "ẹ" tí wọ́n bọ́ sí "o".

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà náà, Ọ̀mọ̀wé ní kó wá kí bàbá òun. Ohun tí Oníwáyà mọ̀ kò ju pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó sì ń fi iṣẹ́ káfíńtà ṣeré nílé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ò yí ọrùn yẹn padà, bó ṣe máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ti àkùkọ tó ń gbọ́ ìró. Tíṣà ni. Tíṣà kíláàsì kẹrin.

Òòfà kan ṣoṣo ni ilé ìwé náà ní nígbà yẹn, ó tẹ̀ bí ìdí ìkòkò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán díẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà mẹ́ta sí i lára. Oníwáyà fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ tó sọnù, Tíṣà na ìka sí i lójú gbogbo kíláàsì. "Ìwọ lò ń fọwọ́ pa á lójoojúmọ́. Bọ́ síta! Dúró lẹ́nu géètì, má wọlé títí o ó fi mú un wá." Kò jí i. Ó dúró lẹ́nu géètì títí wọ́n fi jáde, ó lọ sílé, kò sì padà mọ́ láyé. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, omi ojú rẹ̀ gbẹ. Rárá ni.

Tíṣà ò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú irùngbọ̀n. Ó fi í jókòó, ó gbé omi fún un.

"Ọmọ mi ní ọlọ́gbọ́n ọwọ́ ni ọ́. Ibo lo kàwé dé?"

"Kíláàsì kẹrin, sà."

"Ní ilé ìwé wo?"

"Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sà."

Tíṣà wúkọ́. "Kí ló lé ọ kúrò?"

"Tíṣà kan ni."

"Tíṣà kì í ṣàdédé lé ọmọ," ni bàbá náà wí, wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ó ní láti nídìí."

Oníwáyà gbé ife omi sílẹ̀ láìtọ́ ọ wò, ó dìde, ó kí wọn pé ó dìgbà. Ọ̀mọ̀wé sáré bá a lójú ọ̀nà, Oníwáyà sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kí ló dé tí o ò wí fún un níbẹ̀?"

"Kí ó fúnra rẹ̀ rántí. Ìwọ náà, má sọ fún un o."

"Ẹ̀yin méjèèjì ni màá gbé sínú àwo," ni Ọ̀mọ̀wé wí, omi ti lé ròrò sí i lójú.

Ọjọ́ kẹta, àbúrò Tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ ni, okùn ìwọnsọ wà lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Òun ló ti gbà láti ṣe alárinà.

"Oníwáyà, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò kórìíra ẹ o. Ó ní ọmọ òun kàwé débi tí ìwé parí sí, kí ló máa bá ẹni tí ò parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ? Ó ní kí o lọ ka kíláàsì kẹfà tán nílé ìwé ìrọ̀lẹ́, kí o tó padà wá."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn, Àǹtí, pé ẹnu géètì ni mo wà."

"Géètì wo?"

"Wọ́n á mọ̀ ọ́n."

Aránṣọ jíṣẹ́. Tíṣà ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí wọ́n sọ fún ọkùnrin náà pé òun ò ní géètì. Aránṣọ lọ, Aránṣọ bọ̀, títí ó fi já okùn ìwọnsọ lọ́rùn tó jù ú sórí tábìlì. "Igi kan náà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ̀yin méjèèjì! Bàtà mi ló ń jìyà níbẹ̀!"

Ṣùgbọ́n Ọ̀mọ̀wé ló sọ èyí tó wọlé jù. Ó ní, "Mo lè fẹ́ ọ láìsí àṣẹ bàbá mi. Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n máa wo ọkọ mi tó ń gba ẹ̀yìnkùlé torí kó má baà pàdé bàbá mi. O ti ń ṣe é fún onígbàjámọ̀. Tí o ò bá lè dárí ji bàbá mi, Alágídí mi, má fẹ́ mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Oníwáyà ò fi gun àtẹ̀gùn yẹn. Ó ń wé wáyà, ó ń ṣì í kà. Ó tú fáànù kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó bi ara rẹ̀ pé: ṣé Ọ̀mọ̀wé ni mo fẹ́ràn jù ni, tàbí ìbínú mi? Kò fẹ́ràn ìdáhùn tó wá sí i lọ́kàn, torí pé ọjọ́ orí ìbínú náà ju ti ìfẹ́ lọ.

Ọ̀mọ̀wé ló ránṣẹ́ pè é. Ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú.

"Wá bá mi wo wáyà, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó wa sí yàrá tuntun yìí, oṣù méjì, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú àpótí méjèèjì ló ń pẹ́. Èyí tí a ò taná sí náà ń pẹ́! Ọ̀gá mi ní ó jọ pé ohun tí mo rí tẹ́lẹ̀, èèṣì ni. Bàbá mi ní òun ti wí i, pé òòfà tí ò lè gbé abẹ́rẹ́ ò lè gbé nǹkan kan."

Oníwáyà ka òwú pupa ara òrùka. Ó pé. Ó ní kí wọ́n pa gbogbo iná. Ó gba abẹ́rẹ́ kan, ó fi òòfà inú àpótí iṣẹ́ rẹ̀ ra á lára lọ́nà jíjìn lọ́hùn-ún lọ́dẹ̀dẹ̀, ó so ó mọ́ òwú láàárín, ó sì gbé e wá. Níbi àpótí àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ náà yí, ó kọjú sí fèrèsé. Ó gbé e dé ibi èkejì. Abẹ́rẹ́ yí ìdí padà, ó dorí kodò bí ẹni tó rí owó nílẹ̀.

"Kí ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí àpótí yìí jókòó lé?"

"Ìwé lásán. Bàbá mi ló kàn án fún mi nígbà tí a kó wá síbí. Igi àti idẹ ni gbogbo rẹ̀, mo kìlọ̀ fún un."

Oníwáyà ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù díẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ lọ, ó sì pa dé, kọ́!

"Kí ló ń fà á?"

Ọ̀mọ̀wé ká ọwọ́ lérí. Ẹni tó ń fi òòfà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, ó ti ń pa ilẹ̀kùn yẹn dé fún oṣù méjì, ó sì ń gbádùn bó ṣe ń pa dé wẹ́rẹ́.

Oníwáyà dùbúlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ pákó òkè. Wọ́n ti fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo nǹkan síbẹ̀, irin pẹlẹbẹ kékeré kan sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó kọjú sí i. Ó tú ìṣó idẹ méjì. Nǹkan kan já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tutù, ó wúwo. Kó tó fà á jáde ni ìka rẹ̀ ti mọ ẹsẹ̀ tó kán. Ọ̀dà pupa ti ń parẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́ta ṣì wà.

"Sẹ́ẹ̀lì mi ò purọ́!" Ọ̀mọ̀wé fò sókè. "Ó gba inú pákó kọjá sí wọn lára! Wọ́n ń gbọ́ ọ!" Lẹ́yìn náà ló rí ojú Oníwáyà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Òun ni?"

"Òun ni."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

Oníwáyà fi òòfà náà sápò. "Wọ́n ní kí n má wọlé títí màá fi mú un wá. Mo fẹ́ lọ mú un fún wọn."

Lọ́nà, ó to ọ̀rọ̀ jọ. Ọ̀rọ̀ kíkorò, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi pọ́n ọn. Ọ̀mọ̀wé ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bẹ̀ ẹ́, kò dá a dúró. Èyí gan-an ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wúwo.

Aránṣọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé, ó ń gán ẹnu ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oníwáyà gbé òòfà sórí tábìlì.

"Mo mú un wá, sà."

Tíṣà wo òòfà. Ó wo irùngbọ̀n. Ó yọ awò ojú, ó tún un fi sójú. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

"Ìwọ ni," ló wí. "Yéè. Ẹnu géètì."

Aránṣọ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ọjọ́ kẹrin tí o lọ ni mo rí i," ni Tíṣà wí. "Abẹ́ tábìlì èmi fúnra mi ni, ó lẹ̀ mọ́ irin ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo wá sílé yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá. Ìyá rẹ ní o wà lábẹ́ ibùsùn, pé o ní o ò ní jáde àfi tí mo bá lọ."

Gbogbo ọ̀rọ̀ kíkorò tí Oníwáyà tò bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó rí bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kan. Láti abẹ́ ibùsùn ló ti rí i, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó fi ìka di etí méjèèjì. Ó ti pàṣẹ fún ìyá rẹ̀ pé kó má dárúkọ ọkùnrin náà létí òun mọ́, ìyá rẹ̀ sì pa àṣẹ náà mọ́ títí ó fi kú.

"Ìyẹn ò tó," ni Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ojú gbogbo kíláàsì ni mo ti fẹ̀sùn kàn ọ́, ojú wọn ló yẹ kí n ti tọrọ àforíjì. Ojú tì mí. Mi ò lè dá òòfà padà sí àyè rẹ̀, torí wọ́n á bi mí ibi tí mo ti rí i. Mo gbé e pamọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo wá fi ṣe ohun tó ń fa ilẹ̀kùn dé, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò ti ní tó o."

"Ẹ sì fi sídìí sẹ́ẹ̀lì mi, bàbá!" ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Oṣù méjì!"

"Èyí? Láti ẹ̀yìn pákó?" Tíṣà gbé òòfà náà yẹ̀ wò bí ẹni tí kò rí i rí. "Níbi tí wọ́n wà yẹn, agbára rẹ̀ ò lè gbé abẹ́rẹ́ o."

"Kò lè gbé e, sà," ni Oníwáyà wí. "Ó kàn ń ṣe wọ́n jẹ́jẹ́."

Tíṣà dìde lórí ìjókòó. Ó dúró ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. "Mo jẹ̀bi. Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Forí jì mí."

Oníwáyà ò dáhùn. Ètè rẹ̀ ń mì.

"Ó ń ka wáyà ni!" ni Aránṣọ kígbe. "Dá a lóhùn, ṣé o fẹ́ kí ẹsẹ̀ máa ro wọ́n ni?"

"Mo rí bàtà yín, sà," ni Oníwáyà wí níkẹyìn. "Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Kò yẹ kí n wà lábẹ́ ibùsùn títí di òní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Aránṣọ fi ṣòkòtò tó ń gán nu ojú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò wọ́n! Èmi ni mo ń ta ẹsẹ̀ kiri bí ẹni gbé abẹ́rẹ́ mì, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún!"

"Ti kíláàsì kẹfà yẹn..." ni Tíṣà bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá!"

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò lè máa bi í léèrè mọ́. Mo fẹ́ wá wo iṣẹ́ tó mọ̀ ni. Ṣé o máa ń kọ́ àgbàlagbà?"

"Tí wọn ò bá ti ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, sà," ni Oníwáyà wí.

Báyìí ló ṣe di pé ní ọjọ́ Sátidé kan, tí Ọ̀mọ̀wé wọ ṣọ́ọ̀bù, ó bá bàbá rẹ̀ lórí àpótí kúkúrú, òrùka igi tuntun láàárín orúnkún rẹ̀, òwú pupa láàárín eyín rẹ̀. Àwọn òrùka yẹn wà fún ìwádìí tuntun rẹ̀, torí ọ̀gá rẹ̀ ti rí òòfà náà, ó sì ti ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Oníwáyà jókòó lódìkejì, ó ń wé tirẹ̀. Ó ti gé irun. Onígbàjámọ̀ ìkóríta ló gé e, ó tún wọ́ díẹ̀ lápá òsì, ṣùgbọ́n Oníwáyà ò wí nǹkan kan.

"Mélòó lẹ wà, sà?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́rin." Tíṣà dúró. "Àbí mẹ́rìnlélọ́gọ́rin?"

"Ẹ tú u, sà."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, sà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oókan."

Tíṣà kùn sínú, ó tú u, ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé fara ti férémù ilẹ̀kùn.

"Mo ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó," ló wí. "Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ọwọ́ méjì ń yí. Ètè méjì ń mì. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ọ̀mọ̀wé wò wọ́n, ó gbé àpótí kúkúrú kan, ó kọjú sí ògiri. "Kò burú," ló wí fún ògiri náà. "Màá jókòó. Mo ní àkókò."